Iná tó ń tẹ̀lé gángan: Arduino Nano, mixer àti àwọn onílù Àkúrẹ́

Ọ̀pọ̀ iná tí wọ́n ń pè ní iná olórin lóde àríyá, kò gbọ́ orin kankan. Máìkì kékeré kan ló wà nínú àpótí rẹ̀, ariwo tó bá ṣáà ti ga, ó máa tàn. Ìlù ni o, jẹnẹrétọ̀ ni o, ẹni tó ń pariwo pé tábìlì àwọn ò tíì rí ẹran ni o, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Bọ̀dá kan tó ń fi ẹ̀rọ orin ṣòwò lágbègbè Oyèmẹ́kùn ló ní kí n bá òun ṣe èyí tó máa yàtọ̀. "Ẹnjiníà, mo fẹ́ kó máa tẹ̀lé onígángan," ló wí. "Kì í ṣe kó kàn máa ṣẹ́jú."

Iṣẹ́ náà ti parí, ó sì ti jáde lọ òde. Mo ń kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, àti ní pàtàkì àwọn ibi tó ti fẹ́ fi ìyà jẹ wá, torí pé àwòrán wáyà nìkan ò sọ ìyẹn.

Ohun tí a kó jọ

Okùn iná WS2812B ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, irú èyí tó ní gílóòbù 60 nínú mítà kan. Mítà 2 la lò, ìyẹn gílóòbù 120. Ohun tó dáa lára okùn yìí ni pé gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ṣíìpù tirẹ̀ nínú, wáyà ìròyìn kan ṣoṣo ló sì ń gba ara gbogbo wọn kọjá: èyí àkọ́kọ́ á mú ìròyìn tirẹ̀, á ta ìyókù sí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tí yóò dúró níwájú àwọn onílù, mo fi ike funfun tí a yọ lára iná fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì àtijọ́ bò ó, kó má baà máa gún àlejò lójú.

Arduino Nano, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí, ni ọpọlọ rẹ̀, ayédèrú olówó pọ́ọ́kú tó ń lo ṣíìpù CH340 fún USB. Kò sí ohun tó ṣe é. ATmega328P ló wà lórí rẹ̀, 16 MHz, ibi ìrántí rẹ̀ kò ju báìtì 2,048 lọ. Àwọn kan á ní ESP32, irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ mìíràn, yá jù ú lọ fíìfíì, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n fóltì 3.3 ni ESP32 fi ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ WS2812B tí a fún ní fóltì 5 ń retí 3.5 ó kéré tán kó tó gbà pé wọ́n pe òun. Ó lè gbọ́, ó lè má gbọ́, ìgbà tí kò bá sì gbọ́ á jẹ́ ìgbà tí ìyàwó ń jó wọlé. Ẹ máa nílò ṣíìpù 74AHCT125 láàárín wọn. Nano ń fi fóltì 5 sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, kò nílò alágbàsọ. Ká tún sọ òótọ́, ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tẹ́lẹ̀.

Ìyókù kò le: páwà sọ́pláì fóltì 5 tó lè gbé ámpíà 10, rẹ̀sísítọ̀, kapásítọ̀, dáyóòdù 1N4148 méjì, fólúùmù 10k (ìyẹn ohm 10,000) kan. Ẹni tó bá rìn láti Ọjà Ọba gba òpópónà Ọba Adésídà, tó ń yà wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà rédíò, kò ní pẹ́ rí gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n kò rí rà ni tiransífọ́mà kékeré ohm 600 sí ohm 600 tí wọ́n ń lò fún ohùn. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni mo ti rí i, nínú káàdì módẹ́ẹ̀mù, irú èyí tí a fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà tẹlifóònù nígbà kan. Ẹ bá ti rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ nínú pàǹtírí, ẹ mú un. Tiransífọ́mà tó wà lórí rẹ̀ á ṣì dáa lẹ́yìn tí gbogbo ìyókù ti kú.

Máìkì kò ṣe é

Máìkì ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó ní láti fọwọ́ kan mixer olówó iyebíye, ẹ̀rọ tí gbogbo máìkì òde ń wọ̀. Mo fi MAX9814 dán an wò. Ó jẹ́ máìkì tó dáa, ohun tó sì mú un dáa gan-an ló jẹ́ kó burú fún iṣẹ́ yìí. Ó ní ìdarí ohùn aládàáṣe nínú: tí ariwo bá ga, á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, á gbé ara rẹ̀ sókè títí yóò fi rí ohun gbọ́. Fún ẹni tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìyẹn dáa. Fún iná tó yẹ kó sùn nígbà tí onílù bá sinmi, kò dáa rárá. Orin dúró, máìkì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa gbọ́, ó sì rí jẹnẹrétọ̀. Iná wa ń jó fún jẹnẹrétọ̀.

Àwọn máìkì mìíràn wà tí kò ní ìdarí yẹn, MAX4466 jẹ́ ọ̀kan. Mi ò tiẹ̀ wá a lọ. Máìkì èyíkéyìí tó bá jókòó sórí pátákó níwájú sípíkà, gbogbo òde ni yóò gbọ́. Mixer ti gbọ́ onílù fún wa tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ ká ti gbà á.

Láti mixer wọ Nano

Ohùn tó ń jáde lára mixer ń lọ sókè ó ń bọ̀ sísàlẹ̀, ó ń kọjá òdo sí apá kejì. Nano kì í ka ohun tó bá wà lábẹ́ òdo, àárín 0 sí fóltì 5 nìkan ló mọ̀, ó sì máa ń pín ìyẹn sí ọ̀nà 1,024. Nítorí náà a ní láti gbé ohùn náà sí àárín, kó lè ní àyè lókè, kó ní nísàlẹ̀. Rẹ̀sísítọ̀ 10k méjì láti fóltì 5 sí GND (ojú fóltì òdo, ibi tí iná ń gbà padà), àárín wọn á jẹ́ 2.5, kapásítọ̀ 10 µF láti ibẹ̀ sí GND kó lè dúró ṣinṣin. Mo so ẹsẹ̀ kan tiransífọ́mà mọ́ ojú 2.5 yẹn, ẹsẹ̀ kejì gba inú rẹ̀sísítọ̀ 1k lọ sí A0, ẹsẹ̀ Nano tó ń ka fóltì. Nígbà tí kò bá sí ohùn, Nano á máa ka 512 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ibẹ̀ ló wà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bó bá ń ka 700 tàbí 300, ibì kan nínú wáyà yín ló ń parọ́.

Ibi tó léwu ni bí ohùn náà ṣe lágbára tó. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní +4 dBu lórí mixer àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹ́ fóltì 1.23 ní ìwọ̀n RMS (irú ìpíndọ́gba kan), ìyẹn bíi 3.5 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn wọ inú 5 dáadáa. Ṣùgbọ́n mixer lè ta jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì tàbí tí máìkì já bọ́. Fólúùmù 10k ló kọ́kọ́ gba ohùn náà kó tó dé tiransífọ́mà, kí a lè dín in kù. Lẹ́yìn rẹ̀sísítọ̀ 1k, dáyóòdù kan kọjú sí fóltì 5, èkejì kọjú láti GND wá, kí ohunkóhun tó bá ju ààlà lọ gba ibẹ̀ sá lọ dípò kó wọ inú ṣíìpù. Dáyóòdù méjì yìí kò wọ́n rárá. Ẹni tó bá yọ wọ́n sílẹ̀ láti fi pamọ́ owó ń wá Nano mìíràn.

Kí ni tiransífọ́mà ń ṣe níbẹ̀? Mixer gba iná tirẹ̀ lọ́nà kan, páwà sọ́pláì wa gba tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, tí a bá wá fi wáyà so GND àwọn méjèèjì pọ̀, òbìrípo kan ti di dídá nìyẹn. Ìró iná 50 Hz (ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) àti àwọn ọmọ rẹ̀, 100, 150, á máa gba inú rẹ̀ yí. Nígbà tí òde bá wà lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, kò tiẹ̀ ní dúró sí 50. Bí wọ́n bá tan fíríìjì, ó máa rẹlẹ̀, bí wọ́n bá pa á, ó máa ga, kò sí bí kóòdù ṣe máa mọ ibi tó máa gé e. Tiransífọ́mà máa ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìsí pé wáyà kan wáyà. Ìró náà lọ pátápátá.

Mo gbọ́ tí àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ áàtì lára plọ́ọ̀gì ẹ̀rọ orin kí ìró yẹn lè dákẹ́. Ó máa dákẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wáyà iná bá kan irin ara mixer, ẹni tó fẹnu kan máìkì ni yóò wá di áàtì. Ẹ má ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é lójú yín.

Tiransífọ́mà módẹ́ẹ̀mù ní àléébù kan: ohùn tẹlifóònù ni wọ́n ṣe é fún, láti 300 sí 3,400 Hz, ohùn báàsì tó wúwo kò fi bẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Fún ẹni tó ń wá báàsì, ìyẹn kò dáa. Èmi ń wá gángan, ó sì bá mi lára mu.

Iná tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀

Èyí ló gba àkókò jù. Gbogbo rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù ìdánwò, mo yọ wáyà mixer kúrò, mo pa gbogbo ohun tó ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù, iná ṣì ń ṣẹ́jú. Kò tún ṣẹ́jú ṣákálá: á tàn díẹ̀, á dúró bẹ́ẹ̀, á wárìrì, á lọ, á padà. Bí mo bá ní kó tàn dé òpin, á dákẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ yẹn. Bí mo bá ní kó tàn dé ìdajì, wárìrì náà á bẹ̀rẹ̀.

Àárín "dé òpin" àti "dé ìdajì" yẹn ni ìdáhùn wà. WS2812B kì í dín ìmọ́lẹ̀ kù nípa dídín iná tó ń jẹ kù. Títàn àti pípa ló ń ṣe, ó ń ṣe é ju ìgbà 400 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú wa ò rí i, a kàn rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹlẹ̀. Tó bá tàn dé òpin, kò sí pípa níbẹ̀, iná ń ṣàn geerege. Tó bá wà ní ìdajì, ámpíà méjì ń wọlé, ń jáde, ń wọlé, ń jáde, ní ìwọ̀n ìyára tí etí lè gbọ́. Ìyẹn sì bọ́ sí àdúgbò tí mo ti ń wá ohùn gángan gẹ́lẹ́.

Báwo ló ṣe ń dé A0? Mo fi mítà wọn wáyà GND. Lórí bọ́ọ̀dù ìdánwò, àwọn rẹ̀sísítọ̀ tó ń ṣe fóltì 2.5 ń gba GND lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí okùn iná ti ń dá tirẹ̀ padà, Nano sì ń gba tirẹ̀ tààrà lọ́dọ̀ páwà. Wáyà tó wà láàárín ibi méjèèjì kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ká ní kò ju 0.02 ohm lọ. Tí ámpíà 2 bá gba inú rẹ̀, mílífóltì 40 ló máa hàn lórí rẹ̀. Ọ̀nà kan nínú 1,024 ti Nano fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílífóltì 4.9, ìyẹn ni pé A0 ń rí ìgbì tó ga tó ọ̀nà 8, nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́. Nano rí i, ó ní "ìlù nìyẹn," ó tan iná. Iná tó tàn tún dá ìgbì sílẹ̀. Bí ẹni gbé máìkì síwájú sípíkà ni, tó wá ń hó.

Gbogbo GND wá pàdé sójú kan ṣoṣo, lẹ́nu páwà sọ́pláì: wáyà nípọn kan láti okùn iná, wáyà kan láti Nano, àwọn rẹ̀sísítọ̀ 2.5 sì gba tiwọn láti ẹsẹ̀ Nano fúnra rẹ̀. Kapásítọ̀ 1,000 µF wọ ẹnu okùn iná, kó máa fún un ní omi nígbà tó bá gbójú sókè lójijì. Rẹ̀sísítọ̀ 470 ohm wọ wáyà ìròyìn. Mo fi lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà jó gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù gidi, mo sọ bọ́ọ̀dù ìdánwò kalẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìkà tó wà lórí A0 nígbà tí ohun gbogbo dákẹ́ kì í kúrò láàárín 511 sí 513, ìmọ́lẹ̀ ì báà wà níbi tó wù ú.

Asẹ́ inú kóòdù

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń sáré lọ bá FFT, ìṣirò tó ń tú ohùn sí wẹ́wẹ́. Ó dára, Nano sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni mò ń wá, kò yẹ kí n tú gbogbo ọjà sílẹ̀ nítorí ata kan. Asẹ́ kékeré méjì tó.

Nano ń ka A0 ní ìgbà 9,615 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí a bá fi ADC rẹ̀ (ẹ̀ka tó ń sọ fóltì di nọ́ńbà) sílẹ̀ kó máa kà á lọ fúnra rẹ̀ ní ìyára tí wọ́n fi ṣe é. 104 máíkírósẹ́kọ́ńdì fún kíkà kan. Láàárín ìyẹn, iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju èyí lọ:

x = (kika - 512) * 16;
isale += (x - isale) / 16;
aarin += (x - aarin) / 4;
gangan = aarin - isale;

Ìlà kejì ń jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ nǹkan bíi 100 Hz kọjá. Ìlà kẹta ń gbà títí dé 440. Tí a bá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti àárín, ohun tó kù á jẹ́ ohùn tó wà láàárín 100 sí 440, ibi tí gángan tí wọ́n gbé wá fún wa ti ń sọ̀rọ̀. Nítorí kí ìdá tí pípín ń gé jù nù má baà pọ̀ ni mo ṣe sọ x di ìlọ́po 16 ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Nọ́ńbà báìtì 2 kò gba ohun tó bá ju 32,767, tó bá sì kún, á dojú dé sí apá òdì, iná yín á ya wèrè.

Lẹ́yìn kíkà 256, mo ṣírò bí ohùn náà ṣe lágbára sí láàárín ìgbà yẹn, mo sì fi wé ìpíndọ́gba ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀, onílù ti lù nìyẹn. Ìwọ̀n tí kò yí padà kò wúlò: èyí tó dáa fún ìgbà tí òde ń bẹ̀rẹ̀, kò ní dáa nígbà tí wọ́n bá ń náwó fún olórin. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n ìsàlẹ̀ kan tí kò ní lọ lábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nínú ìdákẹ́jẹ́ ohunkóhun ló máa di ìlọ́po kan ààbọ̀ ohunkóhun.

WS2812B kì í fẹ́ kí nǹkan mìíràn dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Gílóòbù kan ń gba 30 máíkírósẹ́kọ́ńdì, 120 ń gba mílísẹ́kọ́ńdì 3.6, Nano ò sì ka ohùn kankan láàárín ìyẹn. Kíkà 256 jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 26.6. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 30, ìmọ́lẹ̀ ń yí padà ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bọ̀dá mi bẹ̀rù pé iná á máa wá lẹ́yìn ìlù. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá jókòó ní mítà 10 sí onílù, mílísẹ́kọ́ńdì 29 ni ìlù náà fi ń rìn kó tó dé etí rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni ń purọ́, wọ́n lọ jókòó sí òpin ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dáa.

Ohun tí mixer mọ̀ tí kóòdù kò mọ̀

Pẹ̀lú gbogbo asẹ́ yìí, nígbà tí mo fún un ní gbogbo orin láti ẹnu ọ̀nà àbájáde mixer, ó tún ń ṣe ségesège. Gìtá wà láàárín 100 sí 440. Ohùn olórin wà níbẹ̀. Àkúbà wà níbẹ̀. Òkè gìtá báàsì gan-an wà níbẹ̀. Asẹ́ kò lè mọ ẹni tó ni ohùn. Ibi tí ohùn wà nìkan ló mọ̀. Mo lè kọ kóòdù títí di ọdún tó ń bọ̀, Nano kò ní lè ya onígángan kúrò lára onígìtá bí olórin jùjú kan ti ń ṣe pẹ̀lú etí.

Bẹ́ẹ̀, lórí mixer, onígángan ní ọ̀nà tirẹ̀. Máìkì kan wà níwájú rẹ̀, bọ́tìnnì tirẹ̀ wà. Aux kan, ọ̀nà àbájáde àfikún lára mixer, ṣófo. Mo ní kí bọ̀dá yí aux yẹn sókè lórí ọ̀nà gángan nìkan, kí wọ́n sì fi í sí pre-fader, ìyẹn ni pé kó gba ohùn kó tó dé bọ́tìnnì tó ń gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ fún òde, kó má baà jẹ́ pé bí wọ́n bá ń rẹ gángan sílẹ̀ fún àwọn èèyàn, iná náà á máa rẹlẹ̀. Wáyà wa wọ aux. Gbogbo ségesège yẹn tán lójú ẹsẹ̀, láìsí pé mo fọwọ́ kan ìlà kóòdù kan.

Tí mo bá tún máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń jìjàkadì láti fi ìṣirò yọ ìlù kan nínú orin tó ti pò mọ́ra, kó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń darí mixer bóyá aux kan ṣófo.

Ohùn mẹ́ta

Nígbà tí ohùn gángan ti dá wà, ó ṣeé ṣe láti mọ bó ṣe ga tó, kì í ṣe bó ṣe lágbára nìkan. Mo ń ka iye kíkà tó wà láàárín ìgbà tí ìgbì náà kọjá òdo lọ sókè àti ìgbà tó tún kọjá rẹ̀. Ohùn 200 Hz máa ń gba kíkà 48, ohùn 150 máa ń gba 64. Kí ariwo kékeré má baà jẹ́ kó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìgbì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jìn sísàlẹ̀ òdo dáadáa kí n tó gbà pé ó tún padà wá.

Bàbá onígángan kan wá sí ṣọ́ọ̀bù kí a lè dán an wò. Wọ́n gbé ìlù sábẹ́ apá, wọ́n mú kọ̀ǹgọ́, wọ́n wo pátákó náà títí. "Ọmọ mi, ṣé kí n kí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ kí i."

Wọ́n fi ìlù sọ pé ẹ káàbọ̀. Pátákó náà di ìyeyè, ó di búlúù, ó di pupa, ó tún di pupa. Àárín, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Wọ́n tún un sọ, wọ́n wá fa ohùn láti òkè wá sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú ọsán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀; búlúù náà kò fò sí pupa, ó gba inú ìyeyè kọjá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn fún ìlù náà sí i. Wọ́n fà á le, wọ́n lu ẹ káàbọ̀ kan náà, gbogbo pátákó náà sì di búlúù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo fi nọ́ńbà pààlà sáàárín àwọ̀ mẹ́ta, ìlù kì í sì í dúró sí ojú kan. Onílù lè fún un, ó lè tú u, ìrì alẹ́ lè mú awọ rọ̀, onílù mìíràn lè gbé tirẹ̀ dé. Ohùn òkè ọ̀kan lè jẹ́ ohùn àárín ẹlòmíràn. Nítorí náà Nano ń rántí ohùn tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù tí ó ti gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ó pín àárín wọn sí mẹ́ta, ó sì ń jẹ́ kí ààlà méjèèjì máa rọra rìn sún mọ́ ara wọn kó lè gbàgbé ìlù àná. Lẹ́yìn gbólóhùn kan tàbí méjì tí onílù bá lù, ó ti mọ̀ ọ́n. Bàbá padà wá, wọ́n fún ìlù le, wọ́n tú u, wọ́n lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò yẹ kí ìlù dún. Wọ́n ní ó ń gbọ́. Wọ́n wá béèrè iye tí wọ́n máa fi ra tiwọn.

Ìmọ́lẹ̀ náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí wọ́n bá lù. Ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀ ló ń lọ nígbàkígbà tí Nano bá yí àwòrán padà. Mo ti kọ́kọ́ fi í sí ìdá mẹ́jọ, ó rẹwà fún orin tó rọra ń lọ, ṣùgbọ́n onígángan tó ń kì èèyàn kò ní dúró de iná, àwọn àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn níbi kan náà.

Páwà àti aṣọ ẹbí

Gílóòbù kan lè jẹ tó mílíámpíà 60 tí ó bá tàn funfun dé òpin. 120 nínú rẹ̀ á jẹ́ ámpíà 7.2, páwà ámpíà 10 gbé e láìlàágùn. A ò sì tan funfun rárá níbẹ̀. Síbẹ̀ mo fi páwà wọ okùn náà lápá méjèèjì, torí pé bí iná bá gba ẹnu kan nìkan wọlé, fóltì á máa dínkù bó ṣe ń lọ, búlúù ló sì kọ́kọ́ máa ń rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí okùn gígùn kan tó ń tàn funfun níbẹ̀rẹ̀ tó di ìyeyè lópin ti rí ohun tí mò ń sọ.

Níbi òkú àgbà kan ní Ọ̀bà-Ilé ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọmọ olókùú kan wá bá wa nígbà tó rí i, ó ní ṣé a lè yí àwọn àwọ̀ padà sí ti aṣọ ẹbí àwọn, elése àlùkò àti ìyeyè wúrà. A kò lè yí i padà níbẹ̀. Inú kóòdù ni àwọ̀ náà wà. Ó ti di fólúùmù mẹ́ta lẹ́yìn àpótí báyìí, ọ̀kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan, A1, A2, A3. Bọ̀dá mi ti ń fi ìyẹn kún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kù. Asẹ́ tirẹ̀ rọrùn ju ti gángan lọ, ohun tó wà lókè 1,000 Hz nìkan ni kí a mú: asẹ́ tó ń pín sí 2, ká yọ èsì rẹ̀ kúrò lára x. Kò nílò ohùn mẹ́ta, kò nílò kíkà ìgbì, ṣíṣẹ́jú funfun kékeré létí pátákó tó. Nano kejì ti wà nílẹ̀, mo ti rí káàdì módẹ́ẹ̀mù mìíràn, aux kejì lórí mixer sì ṣì ṣófo.